Ìlànà, Ìrìnnà àti Ìyànà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí ohun tí ènìyàn ń lépa kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí tù ú nínú, kí ó lè mọ̀ pé ibòmíràn tún wà tí ó lè gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń túmọ̀ òwe náà bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò fi ìgbà kan rí rò ó pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an àti ọ̀rọ̀ ọjà gan-an wà nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó là mí lójú.

Ayọ̀bọ̀ ni mo ń gbé, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń parí lọ tí ti Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pẹ̀lú ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ àti gàrí ni ó ń tà, ọjà Oyíngbò ni ó sì ti ń rà wọ́n wá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì, ó tọ̀ mí wá ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba oyè kejì lórí ìlànà ètò ìrìnnà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, ‘Ṣé orí danfo ni o fẹ́ lọ gba oyè kejì lé? Ṣé àwọn àgbèrò Ìyànà Ìpájà kò ti di ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ tipẹ́ ni?’ Kò bá mi jiyàn. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Ìwé díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kà kí ẹ tó dá mi lẹ́kun.’ Ó kó wọn sórí tábìlì mi, ó sì lọ.

Nígbà tí ó yá, ojú tì mí. Nígbà tí èmi náà sọ fún àwọn ẹbí mi ní ọjọ́ kìíní àná pé Yorùbá ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ fún ọmọ yìí. Wọ́n ní èdè tí ìyá alákàrà ń sọ láìlọ sí ilé-ìwé, kí ni ènìyàn tún fẹ́ lọ kọ́ nínú rẹ̀? Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí ni ó tún wá ń fi ti ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí ni ó mú kí n jókòó ka àwọn ìwé náà. Ohun tí mo rí nínú wọn ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ, tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Ọ̀nà nínú èdè wa

Iṣẹ́ èdè ni mo ń ṣe, nítorí náà, inú èdè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: ìlànà, ìrìnnà àti ìyànà. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ọ̀nà ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí a bá la ọ̀nà, a lànà; ìdí nìyí tí a fi ń pe ètò tí ènìyàn là sílẹ̀ kí ó tó dáwọ́ lé iṣẹ́ ní ìlànà. Nígbà tí a bá rin ọ̀nà, ìrìnnà ni. Nígbà tí ọ̀nà bá sì pín, tí èrò lè yà kúrò lórí èyí tí ó ń tọ̀ bọ̀, ibẹ̀ ni ìyànà. Àwọn ará Èkó kò fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣeré rárá. Wọ́n ní Ìyànà Ìpájà, wọ́n ní Ìyànà Ìṣọlọ̀, wọ́n ní Ìyànà Ìbà. Kì í ṣe ilé ọba tàbí orúkọ olówó kan ni wọ́n fi sọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí lórúkọ. Ibi tí ènìyàn ti ń yà ni.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ní èdè Yorùbá, ẹni tí ó ń ṣètò ohunkóhun, ọ̀nà ni ó ń là. Ẹni tí ó ń ṣètò ìgbéyàwó ń la ọ̀nà, ẹni tí ó ń ṣètò ìjọba náà ń la ọ̀nà. Àfiwé ni gbogbo ìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà padà sí ibi tí ó ti wá.

Àwọn baba wa kò fi ojú kékeré wo ẹni tí ó la ọ̀nà. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń ti ìsálọ̀run bọ̀ wá sí ìsálayé, igbó dídí kan dínà mọ́ wọn. Ọbàtálá yọ àdá òjé rẹ̀, àdá náà ká. Ògún ni ó fi àdá irin la ọ̀nà tí gbogbo wọn fi kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀. Bí a bá wá rántí pé Èṣù ni a fi sí oríta, níbi tí ọ̀nà ti pín tí èrò sì gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò tọ̀, a ó rí i pé àwọn baba wa ti fi iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀: ẹnì kan ń lànà, ẹlòmíràn ń ṣọ́ ibi tí a ti ń yà. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà

Ní ayé àtijọ́, oníbodè ni ó máa ń jókòó sí ẹnu bodè ìlú. Yóò bi èrò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, ibi tí ó ń lọ, àti ẹrù tí ó rù; lẹ́yìn náà ni yóò gba owó bodè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà jẹ́ ohun ìní ìlú, ìlú tí ó bá sì ní ọ̀nà lè tì í. Kò sí ẹni tí ó mọ agbára ọ̀nà títì tó àwọn ará Ìbàdàn ìgbà náà. Nígbà tí ogun tí a wá mọ̀ sí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn, kí ìbọn àti ẹ̀tù má baà tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ti là. Ní nǹkan bí 1872, John Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe akitiyan láti ṣí ọ̀nà kan ní ìlà-oòrùn, tí ó gba orí ọ̀sà, tí ó sì gba Oǹdó wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Ó jìn ju àwọn ọ̀nà àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbà. Bí a bá wá ẹni tí ó fi òwe ọ̀nà kan kò wọ ọjà ṣe iṣẹ́ ìjọba, òun nìyẹn. Nígbà tí ó di 1892, ìbọn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn ìjà Ìmàgbọn. Láti ìgbà náà, agbára àti lànà kúrò lọ́wọ́ àwọn ìlú, ó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba kan ṣoṣo tí ó wà ní Èkó. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìjà náà ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀.

Ojú irin àti àwọn tí kò gba ọ̀dọ̀ wọn

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ojú irin láti Ìdó. Ní 1901 ó dé Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà ni wọ́n parí afárá Carter tí ó so Èkó mọ́ Ìdó. Ní 1907 ó dé Òṣogbo, nígbà tí ó sì di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Kánò. Àní láàrin 1902 sí 1933, ọkọ̀ eléèéfín kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tíráàmù ń gba orí afárá Carter wọ erékùṣù Èkó lọ.

Kí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ọ̀nà yìí? Òwú ni, epo ni, èkùrọ́ ni, lẹ́yìn náà kókó àti ẹ̀pà. Ẹrù ni wọ́n rò. Bí èrò bá wọ̀ ọ́, ó dára, owó náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ní ọ́fíìsì kan kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo ni ìyá ẹlẹ́kọ fẹ́ lọ ní òwúrọ̀. Agége wà lójú ọ̀nà náà, ó sì jàǹfààní rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kókó bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko ńlá ní agbègbè náà, ní 1907 ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn abúlé Àwórì tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Agége, bí Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀, kò sí lójú irin. Oko ni wọ́n, oko ni wọ́n sì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ mọ́tò dé, ibi tí ojú irin kò dé ni ó ń wá lọ. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n là ní 1906 wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà dé, ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti sọ irú ìrọ́jú tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Zarpas ń fi bọ́ọ̀sì ná ìgboro títí di 1958 tí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó fi gba iṣẹ́ náà. Mọ́lúè dé, danfo dé, ọ̀kadà dé. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba orúkọ Buba Marwa, ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ìyẹn ni à ń pè ní kẹ̀kẹ́ Márúwà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò wá láti inú ìlànà kan. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbà.

Nígbà tí ilé kún ìgboro Èkó, tí owó ilé sì wọ́n, ìlú rọ́ lọ sí oko. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ni iye ènìyàn tí àjọ ìkànìyàn kọ sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́, iye tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ sì sọ pé wọ́n ju èyí lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ibi tí ojú irin kò gbà ní 1896 nítorí pé kò sí ẹrù níbẹ̀ ni ibi tí èrò wá pọ̀ sí jù lọ ní àádọ́fà ọdún lẹ́yìn náà.

Bí ìrìnnà ṣe di ẹ̀kọ́ gíga

Èyí ni ó mú mi dé ìdí ìwé tí ọmọ náà kó fún mi. Ẹ̀kọ́ ìlànà ìrìnnà gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọ ní yunifásítì lónìí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1953 sí 1960, ni J. Douglas Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá ní Detroit, lẹ́yìn náà ní Chicago, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé bi àwọn ènìyàn léèrè bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1963 ni ìròyìn Colin Buchanan lórí ọkọ̀ ní ìgboro jáde. Ọdún náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìrìnnà ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí ó jáde ní 1963 yìí kan náà tí ó mú mi dìde lórí àga. Edward Taaffe, Richard Morrill àti Peter Gould ni wọ́n kọ ọ́, Gánà àti Nàìjíríà ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n fi hàn pé ní àkọ́kọ́, àwọn èbúté kéékèèké ni ó tò lọ létí òkun, tí ìkankan kò ju ìkan lọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà gbọọrọ kan tàbí méjì ti etí òkun gún inú ilẹ̀ lọ, bí èyí tí ó ti Sekondi dé Kumasi ní 1903 àti èyí tí ó ti Èkó dé Kánò. Èbúté tí ó bá ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a gbé àwọn yòókù mì. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ka ń yọ lára ọ̀nà gbọọrọ náà, tí ẹ̀ka sì ń so mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n tún sọ ìdí mẹ́ta tí wọ́n fi ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: kí ìjọba lè ráyè dé inú ilẹ̀, kí wọ́n lè kó ohun àlùmọ́ọ́nì, kí wọ́n sì lè kó irè oko lọ sí òkè òkun. Lílọ bíbọ̀ àwọn onílẹ̀ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ìgbà náà, káàkiri àgbáyé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìrìnnà ti ń ka ìwé yìí. Ojú irin tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ aráyé. Èmi tí mo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni n kò mọ̀. Ní ilẹ̀ wa náà, Akin Mabógùnjẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ jọ́gíráfì ní Yunifásítì Ìbàdàn tí ó fi ayé sílẹ̀ ní 2022, ti fi ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè ìlú ní Nàìjíríà hàn ní 1968 pé ìtàn ìlú àti ìtàn ọ̀nà kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìrìnnà sílẹ̀ ní Zaria. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983 ní Ọ̀jọ́, náà wá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìrìnnà tirẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè kàwé gba oyè kejì títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹ̀fẹ̀ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni pé ojú ọ̀nà láti Ayọ̀bọ̀ gba Ìgàǹdó dé Ìyànà Ìbà ni kíláàsì wọn àkọ́kọ́ ní gbogbo òwúrọ̀, àti pé kíláàsì náà kì í tètè túká.

Ìbéèrè mẹ́rin àti ìdáhùn ẹ̀gbọ́n mi

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ ni ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn ará Detroit àti Chicago fi sílẹ̀. Ìrìn mélòó ni yóò ti àdúgbò kan jáde? Ibo ni ìrìn kọ̀ọ̀kan ń lọ? Kí ni wọn yóò wọ̀ dé ibẹ̀? Ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà? Nígbà tí ó kà wọ́n fún mi, mo ní ọ̀rọ̀ oníbodè nìyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé oníbodè ń béèrè kí ó lè gba owó, àwọn wọ̀nyí ń béèrè kí wọ́n lè mọ bí ọ̀nà yóò ti fẹ̀ tó.

Nígbà tí ó tó àkókò àti kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, Ayọ̀bọ̀ ni ó yàn. Ó ní ìwé ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ gbé lọ láti ilé dé ilé, ó sì bẹ̀ mí kí n bá òun yí i sí Yorùbá, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń lò fún lílọ láti ibì kan dé ibòmíràn, bí ó ti wù kí ó kúrú mọ. Ìrìn-àjò ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò ìwé náà, níwájú mi. Ó kà á pé, ‘Màmá, ìrìn-àjò mélòó ni ẹ rìn lánàá?’

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. ‘Ìrìn-àjò kẹ̀? Láti ìgbà tí a ti ti ibi òkú Ìjẹ̀bú dé, n kò rìnrìn-àjò kankan mọ́.’

Ọmọ náà kọ òdo sílẹ̀. Mo wo òdo náà, mo rántí pé kò ì tíì tó aago márùn-ún ìdájí àná tí obìnrin yìí ti jáde nílé, tí ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti béèrè, òdo náà ni ìbá wọ inú àpilẹ̀kọ, tí yóò sì di ẹ̀rí pé àwọn obìnrin Ayọ̀bọ̀ kì í jáde. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ta ni kò mọ̀ pé àjò jìnnà sí ilé, pé ẹni tí ó lọ sí ọjà kò lọ sí àjò? A ní àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Mo ti kọ́ ènìyàn ní òwe yìí fún ọdún gbọọrọ, síbẹ̀ mo fi ọwọ́ ara mi kọ ohun tí kò jọ ọ́.

A tún un béèrè. ‘Ibo ni ẹ lọ lánàá, Màmá?’ Ó ní, ‘Ọjà Oyíngbò ni mo lọ, mo sì padà.’ Ó di ìrìn kan lílọ, ìrìn kan bíbọ̀. Ó dára ju òdo lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wá bi í léèrè fúnra mi pé, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ jáde nílé, ibo ni ẹ kọ́kọ́ yà sí?’

Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn dáadáa. Ó kọ́kọ́ yà sí ilé àbúrò ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè mú un lọ sí ilé-ìwé. Ó yà sí ọ̀dọ̀ alájọ ní Ìyànà Ìpájà. Ó wá lọ sí Oyíngbò. Bí ó ti ń bọ̀, ó yà sí Muṣin láti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan. Ó yà sí ilé ẹ̀rọ ní Ìpájà. Ó yà sí ilé-ìwé, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti já ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé. Ọmọ rẹ̀ ń kọ ọ́, mo ń kà á: ìrìn mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, ‘Ṣé èyí tí mo yà náà jẹ́ kí a kà á ni? Yíyà ni mo yà, n kò lọ ibì kankan.’

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ pé kò sí nínú ìwé kankan. Obìnrin tí ó rin ìrìn mẹ́jọ láàrin ìdájí sí alẹ́ gbà tọkàntọkàn pé ìrìn kan ni òun rìn, nítorí yíyà kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Lójú àwọn tí ń lànà náà, kò jẹ́ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ìlànà àtijọ́ mọ ọkùnrin tí ó ti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ ní tààrà, tí ó sì ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé. Kò mọ ẹni tí ó ń yà. Àwọn olùwádìí kan ti rí èyí ní ibòmíràn. Ní 1996, Margaret Grieco, Nana Apt àti Jeff Turner tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn obìnrin ọlọ́jà Accra ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Kò yẹ kí ó jẹ́ òdìkejì ní Èkó, níbi tí a ti ń fi ìyànà sọ orúkọ àdúgbò. Àwọn àgbà ní ọjà Oyíngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ó yẹ kí ọjà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ìwé ìbéèrè ó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé náà ni a tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye ìrìn-àjò mọ́. A ní, ‘Nígbà tí ẹ jáde, ibo ni ẹ kọ́kọ́ yà sí? Láti ibẹ̀ ńkọ́?’ títí ẹni náà yóò fi padà délé.

Ohun tí ojú ọ̀nà kò gbàgbé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn Èkó mọ̀ pé kì í ṣe àìní ìlànà nìkan ni ó ń ṣe wá. Ní 1983, ìjọba Láteef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e, owó tí a ti san sì wọ igbó. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Òfin tí ó dá àjọ LAMATA sílẹ̀ jáde ní 2002. Ní oṣù kẹta 2008 ni àwọn bọ́ọ̀sì tí ó ní ojú ọ̀nà tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Máìlì 12 wọ erékùṣù Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina àti Máìlì 2. Ní oṣù kẹwàá 2024, òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádó dé Oyíngbò, ìrìn kìlómítà 27 pẹ̀lú ibùdó mẹ́jọ. Mo kí gbogbo àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ogójì ọdún dín díẹ̀ ni ó wà láàrin fífagi lé ti àkọ́kọ́ àti bíbẹ̀rẹ̀ èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọkọ̀ Àgbádó náà gbà. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 ni. Ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ẹrù là ni a ń fi èrò gbà lónìí, nítorí pé ó ti wà nílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ohun tí oyìnbó kan fà sórí ìwé nítorí òwú àti èkùrọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ilé ayé, ni ó ṣì ń pinnu ẹni tí yóò jí ní aago mẹ́rin àti ẹni tí yóò jí ní aago mẹ́fà. Ènìyàn ń kú, ìjọba ń yí padà, ojú ọ̀nà kì í gbàgbé. Ìdí nìyí tí mo fi yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ìlànà ìrìnnà títí dé oyè kejì kò kọ́ iṣẹ́ awakọ̀. Ìtàn ni ó ń kọ́, irú èyí tí àwọn tí a kò ì tíì bí yóò máa gbé inú rẹ̀. Bí ó bá ka ènìyàn kan sí òdo lónìí, ọgọ́rùn-ún ọdún lè kọjá kí òdo náà tó parẹ́.

Mo ti sọ ṣáájú pé Ògún ni ó ń lànà, pé Èṣù ni ó ń ṣọ́ oríta. Àwọn baba wa kò fi iṣẹ́ méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò bọ ìkan kí wọ́n pa ìkejì tì. Láti 1896 ni a ti ń bọ ẹni tí ń lànà. Ó tó àkókò kí a bi ẹni tí ń yà léèrè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gba oyè kejì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó yá, ó mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bú òun nínú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Oyíngbò gan-an ni ó ń lọ. Ó ní kí òun tó ti Ayọ̀bọ̀ dé ibùdó Agége, òun yóò ti wọ ọkọ̀ méjì, àti pé alájọ òun kò sí lójú ọ̀nà náà. Ó gbé igbá rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ yọ ìwé kékeré kan nínú àpò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.